Bísíkíìtì Tí Kò Ní Àlìkámà, Tí Kò sì Ní Ẹyin

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ohun tí a fi ń ṣe bísíkíìtì, èsì wọn kì í pẹ́ jáde: fúláwà ni, àti bọ́tà, àti ṣúgà, àti ẹyin, àti mílíìkì. Bí a bá wá ní kí wọn yọ fúláwà kúrò, kí wọn yọ bọ́tà àti ẹyin àti mílíìkì kúrò, kí wọn sì fi iyọ̀ àti ata rọ́pò ṣúgà, wọn yóò bú sẹ́rìn-ín, wọn yóò ní kí ni ó wá kù nínú abọ́. Ohun tí ó kù kò kéré. Àgbàdo kù, ẹ̀gúsí kù, ẹ̀pà kù, pákí kù, ẹ̀wà kù. Òróró, àlùbọ́sà àti irú kù pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti jẹ róbó rí ti jẹ ìpápánu tí kò ní àlìkámà, tí kò sì ní ohunkóhun tí ó ti ara ẹran tàbí ẹyẹ wá. Ẹ̀gúsí tí a lọ̀, tí a fi iyọ̀ àti ata gún títí òróró rẹ̀ fi jáde, tí a sì fi òróró kan náà dín, ni róbó. Kò sí ẹni tí ó pè é ní oúnjẹ aláìsàn.

Ṣùgbọ́n dídín ni ti róbó. Yíyan ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí dá lé lórí: bísíkíìtì pẹlẹbẹ, oníyọ̀, tí ń dún bí a bá fi eyín fọ́ ọ, tí ènìyàn sì lè yan nínú ilé ara rẹ̀.

Kí ni ìdí tí ènìyàn yóò fi ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀? Ìdí kìíní jẹ́ ti ìlera. Àwọn kan wà tí àlìkámà jẹ́ májèlé fún. Àrùn tí ń ṣe wọ́n ni àwọn dókítà ń pè ní coeliac. Bí ẹni tí ó ní àrùn yìí bá jẹ àlìkámà, tàbí báálì, tàbí ráì, ara rẹ̀ a máa bá ìfun ara rẹ̀ jà. Àwọn ohun tín-ín-rín tí ń gba oúnjẹ sára nínú ìfun a bàjẹ́. Ènìyàn a máa jẹun, a sì máa rù. Ìgbẹ́ gbuuru, inú wíwú, àìtó ẹ̀jẹ̀, ọmọ tí kò dàgbà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: gbogbo wọn ni ó lè fà, ó sì rọrùn láti fi orúkọ àrùn mìíràn pè é. Kò sí oògùn tí ń wò ó. Kí ènìyàn má fi àlìkámà kan ẹnu mọ́ títí ayé ni ìtọ́jú rẹ̀.

Dókítà àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Holland, Willem Karel Dicke, ni ó fi ẹsẹ̀ òtítọ́ yìí múlẹ̀. Kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ́ ni ó ti ń fura sí búrẹ́dì. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní Holland ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di ohun àwátì, ebi ń pa ará ìlú kú, ṣùgbọ́n ara àwọn ọmọ tí ó ní àrùn yìí ń yá sí i. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àrùn náà padà dé. Ní 1950, Dicke kọ ìwé oyè dókítà rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní Yunifásítì Utrecht. Nǹkan ìyanu ni pé ìyàn ni ó kọ́ ayé ní ìmọ̀ yìí.

Àwọn kan a máa sọ pé àrùn òyìnbó ni. Lóòótọ́, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní in. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 1999 lórí àwọn ọmọ Saharawi, ní ìwọ̀-oòrùn aṣálẹ̀ Sàhárà, fi hàn pé ó lé ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí ó ní àrùn náà. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ibẹ̀. Ohun tí a kò bá yẹ̀ wò, a kò lè sọ pé kò sí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọ̀ ọ́, ó sì lè pani lára. Ká ní dókítà kan sọ fún ìyá ọmọ pé kí ó má fún ọmọ rẹ̀ ní ọkà mọ́. Kí ni ìyá náà yóò yọ kúrò nínú oúnjẹ? Ọkà lè jẹ́ ọkà bàbà. Ó lè jẹ́ àgbàdo. Lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, àmàlà gan-an ni ọkà. Ìyá náà lè gba ẹ̀kọ àti àmàlà, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, lọ́wọ́ ọmọ, kí ó sì máa fún un ní búrẹ́dì ní àràárọ̀. Àlìkámà ni orúkọ tí ó tọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa, tí wọn ń pè é ní alkama, ni orúkọ náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá. Inú èdè Lárúbáwá ni àwọn Hausa náà ti rí i. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó bá dé ọjà tí ó ní òun fẹ́ ra fúláwà, ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọn yóò wọ̀n fún un láìbéèrè. Sẹ̀mó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àgbàdo ni. Àlìkámà ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí á tó dá iná rárá, ọ̀rọ̀ orúkọ ni kí á kọ́kọ́ yanjú.

Ìdí kejì ni ti àwọn tí kì í jẹ ohunkóhun tí ó ti ara ẹranko wá, ìbáà ṣe ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà tàbí oyin. Vegan ni wọ́n ń pe ara wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ṣẹ̀dá orúkọ náà ní 1944, nígbà tí Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Kò yẹ kí á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ẹyin ń bá ara rẹ̀ jà, ẹni tí mílíìkì ń yọ inú rẹ̀ lẹ́nu, àti ẹni tí ń gba ààwẹ̀ tí kò fàyè gba ẹran, ìdí tábìlì kan náà ni gbogbo wọn lè jókòó sí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ọ̀ràn méjèèjì pọ̀. Búrẹ́dì tí a fi omi, ìyẹ̀fun, iyọ̀ àti ìwúkàrà nìkan ṣe kò ní ẹyin, kò ní mílíìkì, síbẹ̀ májèlé ni fún ẹni tí ó ní coeliac.

Wàyí o, kí ni ó wà nínú àlìkámà tí kò sí nínú àgbàdo? Ará Ítálì kan, Jacopo Bartolomeo Beccari, ni ó fi hàn ní Bologna ní 1728, ohun tí ó sì ṣe rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ lè ṣe é níwájú kíláàsì. Kí ó po ìyẹ̀fun àlìkámà mọ́ omi díẹ̀ títí yóò fi ki, kí ó wá máa fọ̀ ọ́ nínú omi tútù. Omi náà a funfun bí omi ògì: sítáàṣì ni ó ń bá omi lọ. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ a máa fà bí rọ́bà. Gluten nìyẹn. Òun ni ó ń di afẹ́fẹ́ mú nínú búrẹ́dì tí búrẹ́dì fi ń wú. Kí olùkọ́ náà wá mú ìyẹ̀fun àgbàdo, kí ó ṣe é bákan náà. Gbogbo rẹ̀ ni yóò tú sínú omi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n rí i pé búrẹ́dì kò ṣe é ṣe dáadáa láìsí gluten, wọ́n sì gbà pé bákan náà ni bísíkíìtì rí. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Ẹni tí ń fi fúláwà ṣe bísíkíìtì, fífà yìí gan-an ni ó ń sá fún. Ìdí nìyí tí ó fi ń fi bọ́tà ra ìyẹ̀fun kí omi tó kàn án. Ìdí nìyí tí a fi ń kìlọ̀ fún un pé kí ó má pò ó jù. Bí gluten bá lágbára jù, bísíkíìtì a yi bí awọ. Búrẹ́dì ní láti wú, kí ó sì rọ̀. Bísíkíìtì ní láti ṣẹ́. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin de àlìkámà ilẹ̀ òkèèrè ní 1987, òfin tí a kò tú ká títí di 1992, pákí, àgbàdo àti ọkà bàbà di ohun tí a ń wò lójú pé kí wọn wá gbani. Bí irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i nínú búrẹ́dì ni búrẹ́dì ń wúwo sí i. Bísíkíìtì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàròyé.

Ohun kan tún yẹ ní àkíyèsí nínú Bíbélì Yorùbá. Nígbà tí àwọn atúmọ̀ kan ohun tí ń mú búrẹ́dì wú, ìwúkàrà ni wọ́n pè é. Èyí tí kò ní in sì di àìwúkàrà. Àkàrà ni ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àkàrà sì rèé, ẹ̀wà ni! Pípò tí alákàrà ń po ẹ̀wà lílọ̀ ni ó ń kó afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Kò ní gluten, kò ní ẹyin, ó sì ń wú nínú epo. Bí ẹ̀wà bá lè wú láìsí àlìkámà, kò ṣòro fún àgbàdo láti ṣẹ́ láìsí i.

Kí ni yóò wá so ó pọ̀? Bí a bá fi omi tútù po ìyẹ̀fun àgbàdo, tí a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, yóò fọ́ wẹ́wẹ́ kí ó tó dé orí iná. Ìdáhùn wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́kọ. Ògì tí ó wà nínú omi tútù, rírọ̀ ni ó ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ da omi híhó sí i, ó di. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 60 sí 70 ti Celsius, hóró sítáàṣì a mu omi, a wú, a sì di lẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀ yìí ni yóò so ìyókù pọ̀. Ìyẹn ni pé omi híhó ni ó ń ṣe iṣẹ́ ẹyin àti iṣẹ́ gluten nínú bísíkíìtì yìí. Sítáàṣì pákí dára fún iṣẹ́ náà ju ti àgbàdo lọ, nítorí pé lẹ́ẹ̀ tirẹ̀ máa ń fà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, òkúta ni a ó yan.

Ẹ̀gúsí ni òpó kejì. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni òróró. Protein náà sì pọ̀ nínú rẹ̀, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Òróró yìí a máa wà láàárín hóró sítáàṣì kí wọn má baà lẹ̀ mọ́ra jù, òun ni ó sì ń mú kí bísíkíìtì ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Protein inú rẹ̀ ni ó ń mú kí ojú bísíkíìtì pọ́n lórí iná, iṣẹ́ tí mílíìkì àti ẹyin ì bá ṣe. Ẹ̀pà lè rọ́pò rẹ̀, àfi fún ẹni tí ẹ̀pà ń bá jà. Ọjọ́ tí a fẹ́ lò ó ni kí á lọ ẹ̀gúsí, nítorí pé èyí tí a lọ̀ tí a fi pamọ́ kì í pẹ́ tí òórùn rẹ̀ fi ń yí padà. Èyí tí ó bá ti bu, dídànù ni. Ìyan kì í pa oró inú rẹ̀.

Gíráàmù 150 ìyẹ̀fun àgbàdo tí ó kúnná, gíráàmù 100 ẹ̀gúsí tí a lọ̀ ní gbígbẹ, àti gíráàmù 50 sítáàṣì pákí tó fún ìdílé kékeré. Iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣíbí ìpo-tíì kan. Òróró, ṣíbí ìjẹun méjì. Ti ata gígún kò ní òṣùwọ̀n, ẹnu olúkúlùkù ni yóò sọ. Irú tí a sá gbẹ tí a sì gún, ṣíbí ìpo-tíì kan, ni ó ń fún un ní adùn tí ènìyàn ì bá wá lọ sínú wàràkàṣì. Bí a bá fẹ́ àlùbọ́sà, kí á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí á sì dín in kí omi rẹ̀ gbẹ. Omi àlùbọ́sà tútù a máa mú bísíkíìtì rọ̀.

Ìdajì ìyẹ̀fun àgbàdo àti gbogbo sítáàṣì pákí ni a ó kọ́kọ́ dà sínú abọ́. Omi tí ń hó yaya, nǹkan bí mìlílítà 150, ni a ó dà sí i, tí a ó sì máa fi orógùn rò ó kíákíá títí yóò fi di. Omi gbígbóná lásán kò tó. Kí ó máa hó ni. Nígbà tí ó bá tutù tó èyí tí ọwọ́ lè gbà, a ó da ẹ̀gúsí, ìyókù ìyẹ̀fun, òróró, iyọ̀ àti àwọn èròjà yòókù sí i, a ó sì fi ọwọ́ pò ó títí yóò fi ṣù. Bí ó bá ṣì ń fọ́, ṣíbí omi gbígbóná kan tún lè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, kí á dé e, kí á fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àgbàdo kì í yára mu omi bí àlìkámà. Ẹni tí kò bá ní sùúrù níbí ni yóò máa sọ pé yanrìn ni òun jẹ.

Láàárín láílọ́ọ̀nù mímọ́ méjì, tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti rà lórí iná, ni a ó ti tẹ́ ẹ. Bí kò bá sí igi ìtẹ́, ìgò ṣe é lò. Kí ó tẹ́ dé ìwọ̀n mìlímítà 3, kí ó sì dọ́gba, torí ibi tí ó bá fẹ́lẹ́ yóò jóná kí ibi tí ó nípọn tó gbẹ. A ó fi ọ̀bẹ gé e, a ó fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri kí oru lè rí ọ̀nà jáde, a ó sì tò ó sínú páànù tí a ti fi òróró pa.

Bí ilé bá ní ààrò oníná mànàmáná tàbí ti gáàsì, ìwọ̀n 170 ti Celsius fún ogún ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Bí kò bá ní in, ìkòkò ńlá tí ìdí rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀. A ó da yanrìn gbígbẹ tí ó mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó gbé agolo pẹlẹbẹ lé yanrìn kí páànù má baà kàn án, a ó dé e, a ó sì jẹ́ kí ó gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí bísíkíìtì tó wọlé. Ìkòkò kò ní ohun tí ń wọn ooru, nítorí náà ojú àti imú ni kí á gbà gbọ́. Nígbà tí etí bísíkíìtì bá pọ́n, tí ìdí rẹ̀ náà pọ́n, ó jinná. Kí á má fi rírọ̀ rẹ̀ dá a lẹ́jọ́ nígbà tí ó gbóná. Bí ó bá tutù ni yóò le.

Bí ó bá tutù tán tí àárín rẹ̀ ṣì rọ̀, kò bàjẹ́. Kí á dá a padà sínú ooru tí kò le, bí ìwọ̀n 120, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Inú èdè Látìn ni biscuit ti wá, ó gba inú èdè Faransé kọjá kí ó tó dé ti Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí a fi iná sè lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ pákí gba ìṣọ́ra. Pákí kíkorò ní oró cyanide nínú, rírẹ, fífún àti sísá ni wọ́n sì ń mú un kúrò. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣuntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1960 lórí àrùn kan tí ń ba ojú, etí àti ìrìn àwọn ènìyàn kan jẹ́ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó sì so ó mọ́ oúnjẹ tí ó jẹ́ kìkì pákí. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá èrò náà jiyàn lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé oró náà wà nínú pákí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé pákí tútù, kí ó sá a lóòrùn, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó sì pè é ní ìyẹ̀fun bísíkíìtì. Sítáàṣì tí a fi omi fọ̀ dáadáa tí a sì sá, tàbí láfún tí a rẹ gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ni ó yẹ.

Ewu tí ó kẹ́yìn kò sí nínú ìkòkò rárá. Ilé ẹ̀rọ ni ó wà. Òṣùwọ̀n tí àjọ Codex gbà fún oúnjẹ tí a lè pè ní aláìní-gluten ni pé kí gluten inú rẹ̀ má ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílò kan. Ìwọ̀n yìí kò tó ohun tí ojú lè rí. Ẹ̀rọ tí a ń gbé àgbàdo lọ ní àdúgbò, òun náà ni ó ń lọ àlìkámà fún àwọn onítọ̀ọ̀gbẹ tí ń fi í ro òkèlè. Ìyẹ̀fun tiwọn kù lára ẹ̀rọ, ó sì bá ti aláàrùn coeliac lọ sílé. Kí ẹlẹ́rọ kọ́kọ́ lọ àgbàdo díẹ̀ dànù yóò dín ewu náà kù. Kò lè mú un kúrò. Fún ẹni tí kì í jẹ ẹyin nìkan, èyí kò já mọ́ nǹkan. Fún ẹni tí ó ní coeliac, ọlọ tàbí ẹ̀rọ kékeré tí a kò fi lọ àlìkámà rí ni kí ó wà nílé, pẹ̀lú asẹ́ tirẹ̀ àti páànù tirẹ̀. Kí á tún ka ohun tí a kọ sí ara páálí èròjà ọbẹ̀ kí á tó dà á sínú ata, nítorí pé àlìkámà wà nínú àwọn mìíràn. Bí bísíkíìtì bá ti tutù pátápátá, inú agolo tí ìdérí rẹ̀ le ni kí á kó o sí, kí ó sì jẹ́ agolo tí a kò kó búrẹ́dì sí rí. Yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìrọ̀.